Ẹ̀kú ni Oprah gbà, ẹnu kọ́ ló fi lówó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tí ẹ pè ní "obìnrin tí ẹnu sọ di olówó". Àpilẹ̀kọ náà dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò rí bí ẹ ṣe kọ ọ́, èyí tó sì wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àkọlé yẹn gan-an. Àwọn tí ẹnu wọn dùn bíi tirẹ̀ pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà. Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ wọn gbà títí wọ́n fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Èdè wa ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Atọ́kùn là ń pe ẹni tó ń darí ètò, ọ̀dọ̀ eégún la sì ti yá orúkọ náà. Atọ́kùn ló ń ṣáájú eégún, òun ló ń la èrò lọ́nà, tó ń bá ará ọjà sọ̀rọ̀, tó ń gba owó tí wọ́n bá ta eégún lọ́rẹ. Bí eégún bá jóore, orí atọ́kùn a yá. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, ilé ẹni tó ni ẹ̀kú ni ẹ̀kú ń padà sí. Bó bá di àmọ́dún, oníẹ̀kú lè fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Ohun tí Oprah ṣe ní 1988 tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe ni pé ó gba ẹ̀kú: ètò tó ń darí di tirẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé Chicago ló ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 1954 ni wọ́n bí i ní Kosciusko, ìpínlẹ̀ Mississippi. Orpa inú Ìwé Rúùtù ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń ṣì í pè títí ó fi di Oprah. Oko ìyá-ìyá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dàgbà, kó tó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Milwaukee, kó tó wá di ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀, ní Nashville. Ilé ìwé girama ló ṣì wà tó ti ń ka ìròyìn lórí rédíò WVOL. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n nílùú Nashville kan náà. Nígbà tó fi máa dé Chicago, ó ti lo bí ọdún mẹ́wàá nídìí kámẹ́rà, wọ́n sì ti yọ ọ́ nípò lẹ́ẹ̀kan.

Ìyọnípò yẹn yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ẹ kàn fi gbólóhùn kan kọjá lára rẹ̀. Ní 1976 ló lọ sí WJZ-TV ní Baltimore, kí òun àti Jerry Turner, àgbà oníròyìn tí gbogbo ìlú ti mọ̀, lè jọ máa ka ìròyìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò lò tó oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀ tí wọ́n fi mú un kúrò. Ẹni tó bá ti jókòó ní yàrá ìdarí ètò rí yóò tètè mọ ohun tó fa irú rẹ̀. Ìròyìn ìṣẹ́jú-àáyá 30 lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ju bí ọ̀rọ̀ 75 sí 90 lọ, ẹni tó ń ṣọ́ aago sì ti pín àsìkò náà bí ẹni pín ẹran iléyá, kò sí èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Bí àánú ẹni tí ilé rẹ̀ jóná bá wá ṣe akàròyìn, tó fi gbólóhùn méjì tirẹ̀ kún un, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ti lọ nìyẹn. Ìròyìn mìíràn ni wọn yóò gé kí wọ́n tó rí i dí. Ẹnì kejì tí wọ́n jọ jókòó á máa ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, kò ní bá ohun tó wà lójú ẹ̀rọ mu mọ́. (Àwọn akàròyìn Yorùbá mọ ìyà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ: ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá tú a máa gùn sí i, síbẹ̀ aago kì í fi kún àsìkò.) Oprah jẹ́ ẹni tí àánú ń tètè ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé iṣẹ́ oníròyìn kò bá ìwà òun mu.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, 1978, wọ́n gbé e lọ sórí ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ òwúrọ̀ kan, People Are Talking, òun àti Richard Sher. Àánú tó bà á jẹ́ nídìí ìròyìn ló tún un ṣe nídìí ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Àlejò tó ń sunkún kò fẹ́ ẹni tó ń wo aago.

Ọjọ́ 2, oṣù kìíní, 1984 ló gba AM Chicago lórí WLS-TV, ètò ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú tó ń tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú nílùú náà ni Phil Donahue, ẹni tó sọ ọ́ di àṣà láti Dayton, Ohio, ní 1967, pé kí atọ́kùn wọ àárín èrò lọ tòun ti máíkì. Oprah gba ọ̀nà kan náà, kò sì pẹ́ tó fi kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ máíkì yẹn rọrùn lójú, kò rọrùn lọ́wọ́. Atọ́kùn kì í fi máíkì sílẹ̀ fún olùwòran, nítorí ẹni tó bá gba máíkì ti gba ètò. Atọ́kùn ni yóò máa dì í mú, kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bó bá jìnnà jù, ariwo gbọ̀ngàn yóò bo ohùn mọ́lẹ̀. Bó bá súnmọ́ jù, atẹ́gùn ẹnu á máa dún bí ẹni ń lu páálí. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti ń gùn jù, ọwọ́ atọ́kùn a fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, onítọ̀hún á sì mọ̀ pé ó tó. Gbogbo èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lórí àtẹ̀gùn, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí kámẹ́rà tí iná pupa rẹ̀ ń tàn.

Ní 1985 wọ́n sọ ètò náà di wákàtí kan, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é: The Oprah Winfrey Show. Ẹ fo èyí bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ilé iṣẹ́ lè mú ẹlòmíì wá ṣe AM Chicago. Ta ni wọ́n fẹ́ mú wá ṣe Oprah Winfrey?

Ó wá kan owó. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú kọ̀ọ̀kan lè ra ètò fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà, tó ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú bí alájàpá. King World ni alágbàtà Oprah, àwọn náà ló ń ta ètò ìdíje Wheel of Fortune àti Jeopardy!. Ilé iṣẹ́ ìlú á san owó ètò, á sì yọ̀ǹda díẹ̀ nínú àsìkò ìpolówó fún alágbàtà láti tà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ìyókù ìpolówó ni òun náà á tà fún àwọn oníṣòwò àdúgbò rẹ̀. Alágbàtà á yọ tirẹ̀, wọ́n á yọ ìnáwó ìgbéjáde, èyí tó bá kù di ti ẹni tó ni ètò. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ni ín, owó oṣù ni atọ́kùn ń gbà, ì báà jẹ́ ìlú kan ló ń wò ó, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìlú. Roger Ebert, gbajúmọ̀ aṣàyẹ̀wò fíìmù ní Chicago, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nílé oúnjẹ ni òun ti bá Oprah ṣírò rẹ̀ sórí bébà ìnuwọ́, láti fi hàn án pé ọ̀nà títa ètò láti ìlú dé ìlú yìí ni kó gbà. Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, 1986 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀ lọ́dún yẹn, Capital Cities/ABC, àwọn tó ni WLS, ni ẹ̀kú ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Oprah àti agbẹjọ́rò rẹ̀, Jeff Jacobs, ti dá ilé iṣẹ́ Harpo sílẹ̀ ní 1986. (Ẹ ka Oprah láti ẹ̀yìn wá síwájú, Harpo ni. Harpo náà tún ni orúkọ ọkọ ẹni tó ṣe nínú fíìmù The Color Purple ní 1985.) Ọdún méjì ni wọ́n fi dúró kí ètò fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé ABC gan-an kò lè fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú ńláńlá. Ìgbà náà ni wọ́n tó béèrè. Ní 1988, Harpo gba ètò náà pátá: ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín àti iṣẹ́ ìgbéjáde rẹ̀. ABC gba ìlérí pé ètò náà yóò ṣì wà lórí àwọn ilé iṣẹ́ wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ìgbésẹ̀ náà: orúkọ ló ṣáájú, kí ètò tó tàn ká, kí wọ́n tó wá béèrè ẹ̀kú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ẹ̀kú kí ètò tó tàn, wọ́n á ní kó máa lọ.

Ó ra ilé ńlá kan ní West Washington Boulevard, ní Chicago, ó sọ ọ́ di sitúdíò, 1990 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Lónìí, ilé náà kò sí mọ́: ó tà á ní 2014, wọ́n wó o ní 2016, oríkò ilé iṣẹ́ McDonald's ló wà níbẹ̀ báyìí.  Nígbà tí ètò náà parí ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, 2011, lẹ́yìn ọdún 25, ó ti ṣe é nígbà 4,561. Ní 2003 ni ìwé ìròyìn Forbes ti kà á mọ́ àwọn tó ní bílíọ̀nù dọ́là, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ tó fi ta àwọn olùwòran lọ́rẹ, tí ẹ ní ó "fi owó ara rẹ̀ rà": ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, 2004 ni, Pontiac G6 ni, 276 ni. General Motors ló kó wọn kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 28,000 dọ́là, nítorí ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń polówó. Inú àwọn tó gbà á dùn títí wọ́n fi gbọ́ pé òfin Amẹ́ríkà ka irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sí owó tó wọlé. Owó orí ẹlòmíì lórí ọkọ̀ náà tó 7,000 dọ́là. Atọ́kùn tó bá fẹ́ fi ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ta olùwòran lọ́rẹ nílé níbí, kó ti béèrè lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ ṣáájú: ta ni yóò san owó nọ́ḿbà àti ti ìwé ọkọ̀?

Ẹ̀kú ní gbèsè tirẹ̀ náà. Ní oṣù kẹrin, 1996, wọ́n ṣe ètò kan lórí àrùn wèrè màlúù, Oprah sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti mú òun jáwọ́ nínú jíjẹ bọ́gà. Àwọn ọlọ́sìn màlúù ní Texas pe òun, Harpo àti King World lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin tó de ẹni tó bá ba oúnjẹ lórúkọ jẹ́. Ní oṣù kìíní, 1998, ó kó gbogbo ètò lọ sí Amarillo: lọ́sàn-án ó wà ní kóòtù, lálẹ́ ó ń gba ètò sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré kan níbẹ̀. Ọjọ́ 26, oṣù kejì ló jàre. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n gé àlàyé àwọn ọlọ́sìn kúrò nígbà tí wọ́n ń tún téèpù tò. Ìdí rèé tí a fi ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n má pa èyí tí wọn kò tíì gé rẹ́. Bí ẹjọ́ bá dé, òun ni ẹlẹ́rìí.

Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí gan-an ló kù yìí. Bí àwọn atọ́kùn Yorùbá bá ka irú àpilẹ̀kọ yín, wọ́n á rò pé àwọn kò ní ohun tí Oprah ní. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi owó ara wọn, tàbí ti onígbọ̀wọ́, ra àsìkò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìnáwó burúkú ni, a kò jiyàn. Àmọ́ òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti 2022 ka ẹni tó ṣètò bí fídíò ṣe di ṣíṣe sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ náà sì ń wà fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ìyẹn ni pé atọ́kùn tó ń ra àsìkò ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ti ní ẹ̀kú lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní, ohun tí Oprah kò ní ní 1984. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sọnù.

Bó ṣe ń sọnù kò le. Yóò gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò ní gbà á padà. Láyé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, tí ojú Anike Agbaje-Williams kọ́kọ́ yọ lórí ẹ̀rọ, èèyàn lè rí àwáwí: téèpù wọ́n, BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀ ètò rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù lò. Lónìí kò sí àwáwí. Bí kámẹ́rà bá ń gbà á sílẹ̀ ní mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan kò ju nǹkan bíi jìgábáìtì 22.5 lọ; kámẹ́rà mẹ́rin jẹ́ 90. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó ṣe, lórí ẹ̀rọ ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Omi òrùlé àti olè kì í ya ọjọ́ sọ́tọ̀.

Orin ló tún ń ba tiwọn jẹ́. Wọ́n á po orin olórin mọ́ ohùn àlejò lójú kan. Bí wọ́n bá wá gbé e sórí YouTube lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ ibẹ̀ á dá orin náà mọ̀, owó ìpolówó á sì máa lọ sápò ẹni tó ni orin. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yọ orin kúrò láìyọ ọ̀rọ̀. Kí ohùn àlejò, ohùn atọ́kùn àti orin wà lójú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí kò ní orin rárá. Àlejò náà ńkọ́? Kó fọwọ́ sí ìwé kékeré kan kó tó jókòó, pé wọ́n lè lo àwòrán àti ohùn òun, wọ́n sì lè tún un lò. Bó bá ti délé, tí ọmọ rẹ̀ sọ pé "bàbá, kí lẹ lọ sọ níbẹ̀?", kò ní fọwọ́ sí i mọ́.

Orúkọ ètò wá kù. Kópíráìtì kì í dáàbò bo orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ ètò jẹ́ tirẹ̀, kó lọ fi í sílẹ̀ ní Abuja gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, ní ìsọ̀rí 41 tó jẹ́ ti eré àti ìdárayá, pẹ̀lú ìsọ̀rí 38, tó jẹ́ ti ìgbésáfẹ́fẹ́, bó bá ṣeé ṣe. Ọdún méje ni ti àkọ́kọ́, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun. Ọ̀pọ̀ atọ́kùn ni orúkọ ètò wọn gbajúmọ̀ ju tiwọn lọ, tí kò sì sí níbi kankan nínú ìwé ìjọba.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Mo Abudu bẹ̀rẹ̀ bí atọ́kùn Moments with Mo, ó sì dá EbonyLife TV sílẹ̀ ní 2013. Oprah alára, kò ní ètò ojoojúmọ́ mọ́ láti 2011, ìkànnì OWN tó dá sílẹ̀ lọ́dún náà sì kọ́kọ́ ṣòjòjò, nítorí Chicago ló ṣì wà nígbà tí ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí. Ní 2017 ó ta ìpín 24.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìkànnì náà fún ilé iṣẹ́ Discovery ní mílíọ̀nù 70 dọ́là. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, 2021, nígbà tó fi ọ̀rọ̀ wá Harry, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Meghan ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu wò, Harpo ló ni ètò náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS kàn san owó àtigbé e jáde ni. Mílíọ̀nù méje sí mẹ́sàn-án dọ́là ni ìwé ìròyìn Wall Street Journal ròyìn pé wọ́n san.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa tẹ àtúnṣe, ẹ bá wa fi gbólóhùn kan yìí kún un, kí àwọn atọ́kùn lè gé e pamọ́, kí agbẹjọ́rò wọn sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ìwé àdéhùn: "Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní àṣẹ láti gbé ètò yìí sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àti àtúngbé kan láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo ẹ̀tọ́ yòókù, títí kan orúkọ ètò, ẹ̀dà rẹ̀ àti ìlò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ti olóòtú ètò, ilé iṣẹ́ yóò sì dá ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14."

Ire o.

Olóòtú ètò tẹlifíṣọ̀n méjì,
Ìbàdàn